Àpótí-Ẹja tàbí Adágún-Iyùn? Ọ̀rọ̀ àti Òye fún Yíyan Adágún Olómi-Òkun Inú Ilé

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì. Ó jẹ mọ́ ẹja àti iyùn tí ń gbé inú omi òkun, tí a sì ń sìn nínú gíláàsì ní yàrá ìgbàlejò. Òǹkàwé lè béèrè pé kí ni ó kan Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó nínú ọ̀rọ̀ òkun, nígbà tí ó ju 150 kìlómítà lọ láti ibẹ̀ dé etíkun Ìlàjẹ. Ìdáhùn wa pín sí méjì.

Èkíní, ẹja sísìn kì í ṣe àjèjì ní agbègbè yìí mọ́. Ní ọdún 2011 ni Ìjọba Àpapọ̀ dá Yunifásítì Ọ̀yẹ́-Èkìtì sílẹ̀. Ìkọ̀lé ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ wà, a sì ń kọ́ ìmọ̀ nípa ẹja sísìn níbẹ̀. Àwọn tí ń sin ẹja àrọ̀ sínú táǹkì oníbíríkì tàbí onítapólì ní ẹ̀yìnkùlé kò ṣọ̀wọ́n. Èkejì, ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ nípa àrọ̀ ni ẹni tí ó bá fẹ́ sin iyùn yóò kọ́kọ́ mú lò, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà yóò ṣì í lọ́nà. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara tí ó fi lè mí afẹ́fẹ́ òkè omi, nítorí náà omi tí ó bàjẹ́ díẹ̀ kì í tètè pa á. Iyùn kò ní irú ìfaradà bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣini lọ́nà nínú ìwé ìtàn, òǹkàwé lè fi rẹ́rìn-ín; bí ó bá ṣini lọ́nà nínú ìtọ́ni nípa ohun ẹlẹ́mìí, ohun ẹlẹ́mìí náà yóò kú, owó olówó yóò sì bómi lọ.

Láti ìgbà tí Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ni a ti mọ̀ dájú pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọ̀nà tí a ń gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kò ṣàjèjì sí òǹkàwé wa: àpèjúwe, àkànpọ̀ ọ̀rọ̀, fífẹ ìtumọ̀ lójú, àti àyálò. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé, nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, èyí tí ó bá sọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó dára jù, kì í ṣe èyí tí ó sọ bí nǹkan ṣe rí lójú lásán. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

2. Àpótí ni, tàbí adágún?

Orúkọ tí ó sábà máa ń wá sẹ́nu ènìyàn fún gíláàsì tí ẹja wà nínú rẹ̀ ni àpótí-ẹja. Kò sí ẹni tí kò ní lóye rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń tọ́ka sí. Àpótí ń tọ́ka sí ohun tí a fi ń kó nǹkan pamọ́. Ẹja ń tọ́ka sí ohun tí a kó sínú rẹ̀. Kò sí omi nínú orúkọ náà rárá, bẹ́ẹ̀ omi gan-an ni ẹni tí ó ra á yóò máa tọ́jú ní ọjọ́ gbogbo. Bí omi bá dára, ẹja yóò tọ́jú ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbà pé àpótí ni òun rà yóò wo ẹwà gíláàsì àti iye ẹja tí ó lè gbà. Kò ní béèrè iye lítà omi tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò bá ọ̀rọ̀ tiwọn nílẹ̀. Ní ọdún 1853 ni wọ́n ṣí ilé ẹja àkọ́kọ́ fún gbogbo ènìyàn ní ọgbà ẹranko ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1854 ni Philip Henry Gosse tẹ ìwé rẹ̀ tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà aquarium di ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn. Èdè Látìn ni wọ́n ti mú un, níbi tí ó ti túmọ̀ sí ibi tí màlúù ti ń mu omi. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni wọ́n fẹ̀ lójú. Ohun tí wọ́n sì fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni omi.

Àwa náà ní ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu, èyí tí í ṣe adágún. Omi tí ó dá dúró sójú kan, tí kò ṣàn lọ, ni adágún. Ohun tí ó wà nínú gíláàsì nìyẹn gan-an. Nítorí náà a dábàá adágún-gíláàsì fún gbogbo irú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹja nìkan ni ó wà níbẹ̀, adágún-ẹja ni. Bí ó bá jẹ́ pé iyùn ni a ń sìn, tí ẹja kàn bá a gbé, adágún-iyùn ni. Ọ̀rọ̀ àpótí kò ní sọnù. A lè fi í pe gíláàsì òfìfo tí ó wà ní ìsọ̀ kí a tó bu omi sí i.

3. Òkun, ọ̀sà, odò

Ní ti irú omi, Yorùbá ti ṣe ìpín tí ó wúlò kí sáyẹ́ǹsì tó dé. A ní òkun, a ní ọ̀sà, a sì ní odò. Àwọn tí ń gbé etí omi mọ̀ pé iyọ̀ ni ó kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Omi òkun gbogbo ayé ní nǹkan bí 35 gíráàmù iyọ̀ nínú kìlógíráàmù kan. Omi odò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iyọ̀ kankan. Ọ̀sà wà láàárín méjèèjì, iyọ̀ rẹ̀ a sì máa yí padà: ní àkókò òjò, ọ̀sà Èkó a máa fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi odò, ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a tún wọlé, iyọ̀ a sì pọ̀ sí i.

Nítorí náà, dípò omi oníyọ̀ àti omi aláìníyọ̀, tí ó pín ayé sí méjì péré, a lè lo omi-òkun, omi-ọ̀sà àti omi-odò gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìlọ́po iyọ̀ tí ó wà nínú omi ni a ó pè ní ìwọ̀n-iyọ̀. Ohun èlò tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni òṣùwọ̀n-iyọ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń dani láàmú ni iyọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní Ìdó tí ó kà á pé kí òun fi iyọ̀ sí omi lè lọ sí ọjà, kí ó ra iyọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀. Sódíọ̀mù àti kílórìn nìkan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo iyọ̀ ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n màgnísíọ̀mù, kálísíọ̀mù, pòtásíọ̀mù àti àwọn mìíràn wà nínú omi òkun, kálísíọ̀mù sì ni iyùn fi ń mọ egungun rẹ̀. Iyùn tí a bá fi sínú omi àti iyọ̀ ọbẹ̀ yóò kú. Olùtumọ̀ gbọ́dọ̀ kọ iyọ̀-òkun ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń tọ́ka sí iyọ̀ àpòpọ̀ tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí. Kò gbọdọ̀ kọ iyọ̀ lásán.

4. Iyùn àti ọ̀gán

Ọ̀rọ̀ iyùn kì í ṣe tuntun. Ó wà ní ọrùn ọba, ó wà ní ọrùn ìyàwó, ó sì wà láàárín àwọn ohun iyebíye inú Bíbélì Yorùbá. Òwò àwọn ará Yúróòpù ni ó gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ wá sí etíkun wa láti Òkun Mẹditaréníà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi sọ́kàn ni pé egungun ẹranko ni. Ẹranko kékeré náà ní ẹnu kan àti ọwọ́ wẹ́wẹ́ tí ó yí ẹnu náà ká. A kò lè pè é ní ẹyọ-iyùn, nítorí pé ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ni ìyẹn jẹ́ lẹ́nu wa. Ọmọ-iyùn ni a dábàá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ-iyùn tí ó so pọ̀ jẹ́ agbo-iyùn. Nígbà tí ìyàtọ̀ bá pọn dandan, iyùn-ọrùn ni ìlẹ̀kẹ̀, iyùn-ààyè sì ni ẹranko.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Iyùn pupa tí a fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ a máa gbé níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀, kì í sì í mọ òkìtì ńlá. Àwọn iyùn tí ń mọ òkìtì jẹ́ irú mìíràn. Nínú ẹran ara wọn ni àwọn ewéko-omi tín-ín-tìn-ín ń gbé. Ewéko yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, ó sì ń fún iyùn ní púpọ̀ nínú rẹ̀. Iyùn náà ń fún un ní ibùgbé. Bí omi bá gbóná ju bí ó ti yẹ lọ fún ọjọ́ púpọ̀, ewéko náà a jáde kúrò, àwọ̀ iyùn a sì di funfun. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ti lọ: a ní aṣọ náà ti ṣí. Nítorí náà ṣíṣí iyùn ni a ó pe àìsàn yìí. Kí olùkọ́ ṣàlàyé pé iyùn tí ó ti ṣí kò tíì kú, ṣùgbọ́n ebi ń pa á, bí ooru kò bá sì tètè dínkù, yóò kú.

Òkìtì tí àwọn iyùn wọ̀nyí mọ ńkọ́? Àwọn kan lè fẹ́ pè é ní àpáta-iyùn. Àwa kò fara mọ́ ọn. Àpáta, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n ní Èkìtì, ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Kò sí ẹni tí ó mọ ọ́n. Òkìtì iyùn, ní tirẹ̀, jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹranko kéékèèké tí wọ́n sì ń gbé lórí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìkọ̀lé lọ sí apá àríwá yóò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀: ọ̀gán. Ikán kékeré ni ó mọ ọ́n, ó ga ju ènìyàn lọ nígbà mìíràn, àwọn ẹ̀dá mìíràn a sì máa fi í ṣe ilé. Nítorí náà a dábàá ọ̀gán-iyùn. Àfiwé yìí ní ààlà: erùpẹ̀ ni ikán ń kó jọ, ṣùgbọ́n iyùn ń yọ kálísíọ̀mù inú omi láti fi ṣe òkúta. Ọ̀rọ̀ tí ó dára kò ní láti sọ gbogbo òtítọ́ tán. Ó tó bí ó bá mú òye lọ sí ọ̀nà tí ó tọ́.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé kò sí ọ̀gán-iyùn gidi ní etíkun ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà irú èyí tí ó wà ní Òkun Pupa tàbí ní Ọsirélíà. Ní apá kan, omi tútù a máa ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun. Ní apá mìíràn, odò ńlá bí Ọya a máa da omi àti ẹrẹ̀ sínú òkun. Ọ̀nà jíjìn ni iyùn-ààyè yóò ti wá, èyí sì jẹ́ kí ó túbọ̀ yẹ kí a mọ ohun tí a ń ṣe kí a tó rà á.

5. Ìdí tí adágún ńlá fi rọrùn ju kékeré lọ

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ a máa rò pé kékeré ni yóò rọrùn. Nínú ọ̀rọ̀ adágún-iyùn, òdìkejì ni òtítọ́, ìṣirò díẹ̀ yóò sì fi hàn.

Kí a mú gíláàsì kékeré tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, tí ìbú rẹ̀ àti ìjìnlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 30 àti 30. Omi inú rẹ̀ jẹ́ 54 lítà. Kí a tún mú ńlá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 150, tí ìbú àti ìjìnlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 60 àti 60. Omi inú rẹ̀ jẹ́ 540 lítà, ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ẹja kan bá kú sẹ́yìn òkúta tí a kò sì tètè rí i, májèlé kan náà ni yóò jáde lára rẹ̀ nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n nínú èyí ńlá, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni agbára rẹ̀ yóò jẹ́.

Ní ti gbígbẹ omi, ìyàtọ̀ náà kò tó ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí pé ojú omi ńlá fẹ̀ ju ti kékeré lọ. Kí a sọ pé ọyẹ́ gbé sẹ̀ǹtímítà kan lọ lójú omi méjèèjì. Kékeré ti pàdánù 1.8 lítà, ìwọ̀n-iyọ̀ rẹ̀ yóò sì ti 35 dé nǹkan bí 36.2. Ńlá ti pàdánù 9 lítà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n-iyọ̀ rẹ̀ kò ní ju 35.6 lọ. Ìdajì ìyípadà ni. Ìjìnlẹ̀ omi ni ó fà á, kì í ṣe gígùn gíláàsì, nítorí náà kí ẹni tí ń yàn má ṣe wo gígùn nìkan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú ooru. Omi púpọ̀ a máa pẹ́ kí ó tó gbóná, a sì máa pẹ́ kí ó tó tutù. Èyí fún olùtọ́jú láyè láti rí àṣìṣe kí ó tó di ikú.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tan ara wa. Omi ńlá wúwo: omi-òkun 540 lítà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 554 kìlógíráàmù, bí a bá sì fi gíláàsì, òkúta, iyanrìn àti tábìlì rẹ̀ kún un, ó lè ju 700 lọ. Ilẹ̀ kọnkéré ìsàlẹ̀ ilé ni àyè rẹ̀, kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Iyọ̀-òkun tí yóò kọ́kọ́ gbà kò ní dín ní nǹkan bí 19 kìlógíráàmù. Adágún ńlá gba owó púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Àníyàn ni kì í gbà púpọ̀ lẹ́yìn náà.

Èyí mú wa dé orí ọ̀rọ̀ tí a ó fi pe irú adágún bẹ́ẹ̀. Bí a bá pè é ní aláìní-ìtọ́jú, ohun tí a pa tì ni Yorùbá yóò gbọ́. Bí a bá pè é ní aláìníṣẹ́, ẹ̀tàn ni. Arọrùn-tọ́jú ni a yàn: ìtọ́jú wà, ó rọrùn ni. Ọ̀rọ̀ náà fi ojúṣe sí ọrùn ẹni tí ó ni ín.

6. Ìfomikún àti ìpààrọ̀-omi

Bí a bá ní kí a mú kókó kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ yìí tí olùtumọ̀ kò gbọdọ̀ ṣì, èyí ni. Àwọn tí ń sin àrọ̀ a máa sọ pé àwọn fẹ́ fi omi kún táǹkì, tàbí pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ omi, omi kan náà ni wọ́n sì ń lò fún méjèèjì. Nínú adágún-iyùn, omi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Gbogbo ẹni tí ó bá ti dáná rí mọ̀ pé ọbẹ̀ tí ó bá pẹ́ lórí iná a máa níyọ̀ sí i. Omi ni ó ń lọ. Iyọ̀ kò bá a lọ. Bí ọbẹ̀ náà bá gbẹ, omi lásán ni a ń bù sí i, a kì í tún fi iyọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni adágún-iyùn. Omi tí afẹ́fẹ́ gbé lọ kò gbé iyọ̀ lọ, nítorí náà omi mímọ́ tí kò ní iyọ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi dí àlàfo rẹ̀. Èyí ni a pè ní ìfomikún. Ṣùgbọ́n ní ìgbà tí a bá bu apá kan omi ògbólógbòó jáde nítorí ìdọ̀tí inú rẹ̀, iyọ̀ ti bá a lọ. Omi-òkun tuntun tí ìwọ̀n-iyọ̀ rẹ̀ dọ́gba ni a gbọ́dọ̀ fi rọ́pò rẹ̀. Èyí ni ìpààrọ̀-omi.

Olùtumọ̀ tí ó bá kọ pé kí a fi omi-òkun kún un lójoojúmọ́ ti kọ ìwé ikú fún iyùn. Nínú ìlànà ìtọ́jú, kí ọ̀rọ̀ méjèèjì má ṣe gba ipò ara wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé yóò dùn ún kà bí a bá ń yí ọ̀rọ̀ padà.

7. Gbígbó omi

Ẹja a máa ya ìgbẹ́, oúnjẹ a máa ṣẹ́kù, ohun òkú a máa jẹrà. Amóníà ni ó ń ti inú gbogbo wọn jáde, májèlé sì ni. Àwọn bakitéríà kan a sọ amóníà di náítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé. Àwọn mìíràn a sọ náítíráìtì di náítíréètì, èyí tí kò le tó méjì ìṣáájú. Nínú ihò òkúta, níbi tí ọ́síjìn kò ti tó, àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n ń sọ náítíréètì di afẹ́fẹ́ náítírójìn, tí yóò fi omi sílẹ̀. Àyípo náítírójìn ni a pè é.

Àyálò wúlò níhìn-ín, ṣùgbọ́n ó léwu. Fáwẹ̀lì àárín àti ohùn nìkan ni ó ya náítíráìtì sọ́tọ̀ kúrò lára náítíréètì, bẹ́ẹ̀ èkíní ń pa ẹja níbi tí èkejì kò tíì ṣe é ní nǹkan. Kí olùkọ́ máa kọ méjèèjì sára pátákó kí ó tó pè wọ́n, kí olùtumọ̀ sì máa fi májèlé-ìkejì àti èérí-ìkẹyìn tẹ̀ lé wọn nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá jẹ yọ.

Àwọn bakitéríà yìí kì í sí nínú omi tuntun ní iye tí ó tó. Ó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Kò sí ẹja tí ó yẹ kí ó wọ omi náà kí ìgbà náà tó pé. Kí ni a ó pe ìdúró yìí? Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni a mú: àgbàdo a máa gbó, iṣu a máa gbó. Omi náà gbọ́dọ̀ gbó. Gbígbó omi ni a pè é, a sì mọ̀ pé gbó tún lè jẹ́ pé nǹkan ti di àkísà. Ṣùgbọ́n agbo ọ̀rọ̀ tí ó wà yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Òkúta tí àwọn bakitéríà wọ̀nyí ń gbé inú rẹ̀ ni àwọn kan ń fẹ́ pè ní òkúta-ààyè. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò béèrè bóyá òkúta ń mí. Òkúta-ibùgbé ni a yàn dípò rẹ̀. Ohun èlò tí ń fi afẹ́fẹ́ hó omi títí ìdọ̀tí yóò fi bá ìfófòó gòkè, kí a lè kó o dànù, ni agbọ́n-ìfófòó. Ẹni tí ó bá ti rí bí àwọn ìyá wa ṣe ń gbọ́n epo pupa lójú omi yóò tètè lóye rẹ̀.

8. Yíyàn ní Àríwá Èkìtì

Ní báyìí tí ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀, a lè fi wọ́n yàn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni omi. Omi ẹ̀rọ tí ó ti ìsédò Ìkún-Èkìtì tàbí ti Ìtapájì wá lè ní kílórìn tí a fi pa kòkòrò inú rẹ̀. Omi kànga lè ní náítíréètì, pàápàá bí ṣáláńgá bá wà nítòsí. Omi òjò tí ó ti orí páànù ṣàn wá lè gbé síǹkì, irin yìí àti bàbà sì jẹ́ májèlé fún iyùn bí wọ́n tilẹ̀ kéré. Nítorí náà, omi tí a ti sẹ́ títí kò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ ni ó yẹ fún ìfomikún àti fún pípo omi-òkun. Omi-àsẹ́tán ni a pè é, láti ara asẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́wàá adágún 540 lítà, tí ó tó fún ìpààrọ̀-omi kan, jẹ́ 54 lítà, èyí tí ó ju kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì lọ díẹ̀. Ẹni tí kò bá lè rí èyí ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, adágún-ẹja olómi-odò ni kí ó yàn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni ooru. Omi tí ó wà láàárín 24 àti 27 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni ó tẹ́ ọ̀pọ̀ iyùn lọ́rùn. Ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, yàrá tí oòrùn ń wọ̀ ní Ọ̀yẹ́ lè gbóná ju èyí lọ. Kí a yan yàrá tí ó ní ibòji. Fáànù tí ó ń fẹ́ sí ojú omi a máa mú un tutù, ṣùgbọ́n omi a tètè gbẹ. Ìfomikún yóò sì di iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Ìbéèrè kẹta ni iná mànàmáná. Bí iná bá lọ, omi kò ní yí mọ́, ọ́síjìn inú rẹ̀ yóò sì máa dínkù. Adágún ńlá tí ẹja kò pọ̀ nínú rẹ̀ yóò fara dà á pẹ́ ju kékeré tí ẹja kún lọ. Síbẹ̀, ẹ̀rọ kékeré onibátìrì tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi kì í ṣe ohun tí a lè fi falẹ̀; kí a rà á kí a tó ra ẹja.

Ìbéèrè kẹrin ni irú iyùn. Iyùn pín sí líle àti rírọ̀. Iyùn líle, tí ó ń mọ egungun òkúta, a máa béèrè ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ àti kálísíọ̀mù tí kò gbọdọ̀ yí padà. Iyùn rírọ̀ kò béèrè tó bẹ́ẹ̀, òun sì ni ó yẹ adágún arọrùn-tọ́jú. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú irú àwọn tí ó rí bí òdòdó kéékèèké ní májèlé tí ó le gidigidi. Kí a wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí a má ṣe fọwọ́ kan ojú tàbí ẹnu, kí a má sì ṣe fi omi gbígbóná sè òkúta tí wọ́n wà lára rẹ̀, nítorí pé oruku rẹ̀ lè dá ènìyàn gúnlẹ̀. Iyùn líle wà lábẹ́ àdéhùn àgbáyé tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní ọdún 1973 lórí òwò ẹranko àti ewéko tí ó wà nínú ewu, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó wọn wọlé gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ.

Lẹ́yìn èyí, ìtọ́jú kò pọ̀ mọ́: ìfomikún àti wíwo ẹja lójoojúmọ́, nínu gíláàsì àti yíyẹ ìwọ̀n-iyọ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìpààrọ̀-omi ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

9. Àkójọ ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Adágún-gíláàsì: omi tí a fi gíláàsì ká mọ́ láti sin ohun ẹlẹ́mìí.
Adágún-iyùn: adágún-gíláàsì olómi-òkun tí a ń sin iyùn sí.
Agbo-iyùn: ọ̀pọ̀ ọmọ-iyùn tí ó so pọ̀.
Agbọ́n-ìfófòó: ẹ̀rọ tí ń fi ìfófòó kó ìdọ̀tí kúrò nínú omi.
Arọrùn-tọ́jú: ohun tí ìtọ́jú rẹ̀ kò nira.
Gbígbó omi: dídúró títí bakitéríà yóò fi pọ̀ tó nínú omi tuntun.
Ìfomikún: fífi omi tí kò ní iyọ̀ dípò èyí tí ó gbẹ.
Ìpààrọ̀-omi: fífi omi-òkun tuntun rọ́pò apá kan ògbólógbòó.
Ìwọ̀n-iyọ̀: bí iyọ̀ inú omi ti pọ̀ tó.
Iyọ̀-òkun: àpòpọ̀ gbogbo iyọ̀ tí ó wà nínú omi òkun.
Òkúta-ibùgbé: òkúta oníhò tí bakitéríà ń gbé inú rẹ̀.
Omi-àsẹ́tán: omi tí a ti sẹ́ gbogbo nǹkan mìíràn kúrò nínú rẹ̀.
Ọ̀gán-iyùn: òkìtì tí àwọn iyùn líle mọ sínú òkun.
Ọmọ-iyùn: ẹranko iyùn kan ṣoṣo.
Ṣíṣí iyùn: pípàdánù àwọ̀ nígbà tí ewéko inú iyùn bá jáde.

10. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ àti yíyàn kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ní adágún lọ́kàn yóò béèrè omi. Ẹni tí ó bá béèrè omi yóò yan èyí tí ó pọ̀ tí ó sì jìn. Ẹni tí ó bá sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìfomikún àti ìpààrọ̀-omi kò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tí ó fi owó rà. A kò sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò lè yí padà. A rọ àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹja ní Ìkọ̀lé pé kí wọ́n dán wọn wò ní kíláàsì, kí wọ́n sì kọ èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá lè fi ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Bákan náà ni a rọ àwọn olùṣèwádìí ẹ̀ka-èdè pé kí wọ́n tọ àwọn apẹja Ìlàjẹ lọ. Nínú àwọn tí ń sọ èdè yìí, àwọn ni òkun wà ní ẹnu ọ̀nà wọn, ó sì yẹ kí a gbọ́ ohun tí wọ́n ń pe àwọn nǹkan wọ̀nyí kí a tó ka ìwé ọ̀rọ̀ òkun kankan sí èyí tí a ti kọ tán.